Ẹsẹ̀ Bàálù Tó Kọ̀ Láti Wọ Ihò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra bàálù ogun kékeré onírin kan fún àkójọ mi, F-14 Tomcat, ìwọ̀n 1:72, ìyẹn ni pé bàálù gidi gùn tó o ní ìlọ́po 72. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò wọ ihò. Mo fagbára tì í, ni ṣóńṣó ìdí rẹ̀ bá kán sínú ihò. Àwọn mísáìlì abẹ́ rẹ̀ náà ń já bọ́ ṣáá. Ṣé kí n kúkú fi súpà gúlù lẹ gbogbo rẹ̀ pa?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé súpà gúlù yẹn jìnnà. Bó bá ṣe ń gbẹ ni èéfín rẹ̀ ń bà lé gíláàsì ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, á wá funfun bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ra bàálù náà lọ́wọ́ yín lọ́la, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.

Tomcat gidi gùn tó mítà 19. Ní ìwọ̀n 1:72, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26 lọ. Irin síńkì yíyọ́ ni wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù láti fi ṣe ara rẹ̀, kí wọ́n tó wá kùn ún lọ́dà. Ọ̀dà yẹn ń wọ inú ihò, ihò á sì fún. Ike sì ni ẹsẹ̀. Bí ike àti irin bá jọ ń ti ara wọn, ike ló ń kán.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni lóòótọ́. Tòsì kì í wọ ihò ọ̀tún. Bó bá jẹ́ pé tòsì méjì ni wọ́n kó sínú páálí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó tà á lónìí. Ẹ má gé nǹkan kan o, torí ó lè ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Bó bá jẹ́ tọ̀tún ni, ẹ má yọ ṣóńṣó tó kán sínú ihò. Ó ti há, ẹ jẹ́ ká lo híhá rẹ̀. Ẹ fi irin ìlu-ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 0.5 lu àárín rẹ̀, ìka ni kẹ́ ẹ fi máa yí i, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ oníná á yọ́ ike ni. Ẹ lu ìdí ẹsẹ̀ náà bákan náà, kẹ́ ẹ ki wáyà idẹ tín-ín-rín bọ àárín àwọn méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láìsí gúlù. Bó bá jókòó dáadáa, ẹ wá fi igi ìtayín kán gúlù funfun táwọn káfíńtà ń lò sí i, kí ẹsẹ̀ má baà máa yí.

Ti mísáìlì rọrùn. Ẹ fi gúlù funfun kan náà ra ṣóńṣó rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kẹ́ ẹ tó fi sáyè rẹ̀. Ṣóńṣó á ti nípọn sí i díẹ̀, á sì di ihò mú, síbẹ̀ á ṣeé yọ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́.