Èsì: Kì í ṣe ọ̀pẹ, Pachypodium lamerei ni

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun fún fọ́tò náà. Ẹ ní ẹni tó tà á fún yín pè é ní ọ̀pẹ Madagásíkà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀pẹ ni lóòótọ́ tàbí cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Pachypodium lamerei ni, gúúsù Madagásíkà ló ti wá, mọ̀lẹ́bí frangipani, igi olódòdó olóòórùn dídùn nì, sì ni.

Ẹ wo ara igi yẹn dáadáa: ó ga, ó nípọn nísàlẹ̀, àwọ̀ eérú ló ní, inú rẹ̀ ló sì ń fi omi pamọ́ sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ gan-an ló fi hàn mí. Mẹ́ta mẹ́ta ló ń hù lójú kan, méjì gùn, ìkẹta kúrú. Ẹ̀gún àwọn Euphorbia tó ga, irú igi mìíràn tí wọ́n máa ń ṣì pè ní cactus, sábà máa ń jẹ́ méjì méjì, oje wọn a sì funfun bíi wàrà. Ewé tiyín yìí, téńté orí nìkan ló wà.

Èyí tó jọ ọ́ jù ni Pachypodium geayi, àmọ́ ewé ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní irun wẹ́wẹ́. Tiyín fẹ̀, ó ń dán.

Bí ewé bá wọ́ lásìkò òtútù, ẹ má fòyà rárá. Ẹ kàn dín omi kù gidigidi, torí omi àpọ̀jù ló ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oje rẹ̀ ní májèlé.