Orin àwọn ọdún 1980 wo ló bá ijó wo mu?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn òbí wa fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọdún 40 ìgbéyàwó wọn ní Àjàṣẹ́. Orin ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ni wọ́n fẹ́ jó sí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ijó tí wọ́n ń kọ́ báyìí: waltz, rúńbà àti cha-cha. Báwo la ṣe máa mọ orin tó bá ijó kọ̀ọ̀kan mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ má wo bí orin ṣe dùn tó, ìlù rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ṣé mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lọ ni àbí mẹ́rin-mẹ́rin? Báwo ló sì ṣe yá tó? Ẹ tan án lórí fóònù, ẹ fi ìka máa gbá tábìlì tẹ̀lé ìlù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ mú “Billie Jean” ti Michael Jackson. Dírọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ wọlé, báàsì tẹ̀lé e, kí ohùn tó dún. Ẹ ó ka bí 29, ìyẹn nǹkan bí 117 ní ìṣẹ́jú kan. Bí 120 ni cha-cha ń fẹ́, wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà, “Smooth Operator” ti Sade, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ni èmi á mú. Ìyára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ tirẹ̀ kì í lé èèyàn. Kí wọ́n rántí pé orí ìlù kẹrin ni ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́ta inú cha-cha ti ń bẹ̀rẹ̀, orí ìkínní ló ń parí sí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Rúńbà ló gba ìṣọ́ra. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Franco àti Tabu Ley, àwọn olórin Kóńgò, ló máa wá sọ́kàn gbogbo wa. Kúbà ni rúńbà ti Kóńgò àti èyí tí àwọn òbí yín ń kọ́ ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kọ́ jẹ́ ijó ìbàdí tí kì í kánjú, ìlù 100 sí 108 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ orin Kóńgò ìgbà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n lè rí ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀. Tí gìtá bá ti wọ sébẹ́nẹ̀, ìyẹn apá tí orin ti ń yára, ó tán! Kí àwọn òbí yín jó apá àkọ́kọ́, kí ẹbí àtọ̀rẹ́ ya bo agbo nígbà tí sébẹ́nẹ̀ bá dé. Ìyẹn wù mí ju kí dííjè já orin lágbedeméjì lọ. “Careless Whisper” tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ fún rúńbà ti lọ́ra jù, bí 77 ni. Ẹ fi ṣe slow, kí wọ́n dì mọ́ra wọn.

Mẹ́ta-mẹ́ta ni waltz, 84 sí 90, orin bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ nínú èyí tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Ẹ má fipá jó o sí orin mẹ́rin-mẹ́rin. Ìgbésẹ̀ kẹrin, tó yẹ kó lágbára, á bọ́ sórí ìlù tí kò lágbára, á sì máa dàrú lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ta kú lé e, ẹ wá orin tó ṣáájú 1980 fún ìyẹn nìkan.

Kí ẹ sì kìlọ̀ fún dííjè pé kó má fọwọ́ kan ìyára orin. Ẹ̀rọ wọn lè fi ìlù mélòó kan kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, àfi ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó.