Ibùsọ̀ Ọkọ̀ Káráfáànì ní Ìlú Olóko Àjàrà

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú ọ̀wọ́n, mo kí yín, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fẹ́ kí èmi àti ìyá wọn wá kí wọn nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọkọ̀ káráfáànì, èyí tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi rìn káàkiri, a ó sì sùn mọ́jú ní Kaysersberg, ìlú tí oko àjàrà yí ká. Mùsùlùmí ni wá, a kì í mu ọtí. Ǹjẹ́ wọn kò ní fi dandan lé e pé kí a ra wáìnì? Báwo ni a ó ṣe rí omi àlùwàlá, níbo sì ni ẹ̀gbin ń lọ? Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni sísùn sínú ọkọ̀, nítorí pé ní ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná tí mo máa ń gbà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun lójú ọ̀nà.
Alhaji kan, Kubwa, Àbújá

ÌDÁHÙN

Alhaji, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òkè Ọya mọ ohun tí àwọn Hausa ń pè ní zango, ibi tí àwọn oníràkúnmí ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí wọ́n ń fún ẹran lómi, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Àwọn bàbá wa náà ní ibùsọ̀ tiwọn. Irú rẹ̀ ni ibi tí ẹ óò sùn: kì í ṣe etí títì, bí kò ṣe ibi tí ìlú yà sọ́tọ̀ fún irú ọkọ̀ yìí, tí ẹlòmíràn yóò sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì yín. Òfin ilẹ̀ Faransé gba irú ọkọ̀ yìí láyè láti dúró níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń dúró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé àga àti tábìlì síta, ẹ ti pa àgọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó gba ìṣọ́ra jù. Àgbá omi inú ọkọ̀ náà sábà máa ń gba nǹkan bí 100 lítà. Omi tí a fi wẹ̀ tàbí tí a fi fọ abọ́ ń ṣàn sínú àgbá kejì lábẹ́ ọkọ̀, nígbà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń lọ sínú àpótí kan tí a lè fà yọ, tí kì í sábà gbà ju nǹkan bí 20 lítà lọ. Ẹ̀yin mẹ́rin lè kún un láàárín ọjọ́ méjì. Ibi tí a ti ń pọn omi mímọ́, tí a ti ń da omi ìdọ̀tí nù, tí a sì ti ń da àpótí náà, máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ibùsọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sínú gọ́tà tàbí sínú oko olóko. Ẹ mú bútà yín dání láti Àbújá. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi yóò tán kí ẹ tó fura.

Ní ti wáìnì, kò sí ẹni tí yóò fi dandan mú yín. Láti ọdún 1993 ni ètò kan tí ń jẹ́ France Passion ti wà, nínú èyí tí olóko àjàrà ń fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láyè láti sùn sínú ọgbà òun fún wákàtí 24 lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí pé àlejò gbọ́dọ̀ ra nǹkan. Ohun tó kan dandan ni pé kí ẹ kí onílé nígbà tí ẹ bá dé àti nígbà tí ẹ bá ń lọ. Àwọn kan ń ta omi èso àjàrà lásán, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìgbà ìkórè ni oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì máa ń ta wáìnì tuntun, vin nouveau, tó dùn, tó sì rú bí omi èso, bẹ́ẹ̀ ọtí ti wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó mu. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé sórí tarte flambée, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a yan nínú ààrò, oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn yóò fi lọ̀ yín níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè nípa ìyẹn náà.

Bí ẹ bá wà ní Kaysersberg, ẹ lọ wo ilé tí wọ́n ti bí Albert Schweitzer ní ọdún 1875, dókítà tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lambaréné ní orílẹ̀-èdè Gabon ní ọdún 1913.

Àna yín tí yóò wa ọkọ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ bí òun bá ń mu wáìnì. Bí ọtí bá ti tó gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, òfin ti mú awakọ̀ níbẹ̀; ti awakọ̀ tuntun kò tilẹ̀ tó ìdajì èyí, nítorí pé 0.2 ni tirẹ̀. Bí ó bá tọ́ wáìnì wò, kí ọkọ̀ dúró síbi tó wà títí di àárọ̀.