Ìtumọ̀ irun gígé láàrin àwọn Manchu: ọ̀rọ̀ olorì Nara

Ẹnìkan béèrè pé nínú eré àwọn ará Ṣáínà kan tí òun wò, olorì kan mú àlùmágàjí, ó gé irun orí ara rẹ̀, ni gbogbo ààfin bá dàrú bí ẹni pé ó pa ènìyàn. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú irun tó fi tó bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wèrè ló ṣe olorì náà. Ìbéèrè méjèèjì ló ní ìdáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1765 ni. Obìnrin ọ̀hún jẹ́ ìyàwó Qianlong, ọba Ṣáínà, láti ìdílé Nara tó jẹ́ ìdílé ọlọ́lá láàrin àwọn Manchu, ẹ̀yà tó ń jọba lórí Ṣáínà nígbà náà.

Ní ti irun, obìnrin Manchu kì í gé irun rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ìgbà ọ̀fọ̀ ńlá ni wọ́n ń gé e: bí ọkọ bá kú, bí ìyá ọkọ tàbí bàbá ọkọ bá kú, tàbí bí ọba bá wàjà. Ẹni tó bá mọ bí opó ṣe ń fá irun rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tó gé irun nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè ti fi ara rẹ̀ ṣe opó níṣojú ọkọ. Bí èèyàn bá sì ń ṣọ̀fọ̀ alààyè, ikú ló ń pè fún un. Ohun tí ààfin rí lórí olorì Nara nìyẹn: èpè tí kò la ẹnu sọ. Ìyá ọba pàápàá ṣì wà láàyè, wọ́n sì jọ wà lẹ́nu ìrìn àjò tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, èpè náà sì kàn án.

Ẹ má rò pé àwọn obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ irun dè mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn Manchu ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn wá gba Beijing ní ọdún 1644, kò pẹ́ tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà, fá iwájú orí wọn, kí wọ́n sì di irun ẹ̀yìn bíi ti Manchu. Ẹni tó bá kọ̀, orí rẹ̀ ló máa lọ sí i. Irun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gbà pé ọba ni ọba. Tí ọ̀fọ̀ ààfin bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ fi abẹ kan iwájú orí wọn fún 100 ọjọ́. Ní ọdún 1748, olorì àkọ́kọ́ tí Qianlong ní, ọmọ ìdílé Fuca, kú sí Dezhou lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Shandong. Ọba gbọ́ pé àwọn ìjòyè kan ti fárí kí 100 ọjọ́ tó pé. Ó gba oyè lọ́wọ́ àwọn kan, ó sì ní kí Saileng'e, gómìnà àgbà tó ń ṣàkóso Hubei àti Hunan, tó tún jẹ́ Manchu bíi tirẹ̀, lọ pa ara rẹ̀. Tí gómìnà àgbà bá lè kú nítorí pé ó fárí nígbà tí kò yẹ, ẹ wo ohun tí yóò jẹ́ kí olorì gé irun nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú.

Olorì Fuca yìí ṣe pàtàkì láti lóye ohun tí ọba ń retí lọ́dọ̀ aya rẹ̀. Qianlong ti sọ fún un nígbà kan pé àwọn baba ńlá Manchu kò ní òwú wúrà láyé ìjọhun, irun ìrù àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí aṣọ. Olorì náà bá jókòó, ó fi irun ìrù àgbọ̀nrín ṣe ọ̀ṣọ́ sára àpò kékeré kan tí wọ́n ń fi òkúta ìṣáná sí, ó fi ta ọba lọ́rẹ. Ọba tọ́jú àpò náà títí, ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Taipei títí di òní. Bí mo ti rí i, ọkàn ọba sí ìyàwó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọkàn rẹ̀ sí àṣà. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn Manchu yóò rì sínú ogunlọ́gọ̀ àwọn Han, pé èdè wọn, ọfà títa wọn àti ìwà wọn yóò parẹ́. Yẹtí lásán, ó pàṣẹ lé e lórí: ó ní obìnrin Manchu gbọ́dọ̀ lu etí kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹyọ kan bíi ti obìnrin Han. Nítorí náà obìnrin tó pa àṣà mọ́ di ẹni àpọ́nlé lójú rẹ̀ títí ayé. Ojú yìí kan náà ló fi wo obìnrin tó fi àṣà bá a jà.

Ta wá ni Nara? A bí i ní ọdún 1718. Bàbá rẹ̀, Narbu, jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ààfin, orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń pè é. Ìdílé bíi tiwọn kò lè fi ọmọbìnrin fún ọkọ bó bá ṣe wù wọ́n. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ti tó ọdún 13 wá síwájú ọba, ẹni tí ọba kò bá mú ni bàbá rẹ̀ lè wá fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1734, Qianlong ṣì jẹ́ ọmọ ọba, bàbá rẹ̀ ló fi Nara fún un ní ìyàwó, Fuca sì ni ìyáálé. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ jọba ní 1735, Nara ń gun àkàsọ̀ oyè lọ díẹ̀díẹ̀. Ètò oyè àwọn ayaba le: olorì kan, ayaba àgbà kan lábẹ́ rẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin, mẹ́fà, kí ó tó kan àwọn tí kò ní iye. Ìgbà tí Fuca kú ló kàn án. Wọ́n fi í jẹ olorì ní ọdún 1750, ó sì bí ọmọ mẹ́ta láàrin 1752 àti 1755. Méjì nínú wọn kú ní kékeré, Yongji nìkan ló kù.

Ní 1765, ọba kó ìyá rẹ̀, olorì àti àwọn ayaba kan lọ sí ìhà gúúsù, ìgbà kẹrin tó ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dé Hangzhou. Ìwé tí wọ́n ń kọ oúnjẹ ọba sí fi hàn pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọba fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí olorì gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tó di alẹ́, orúkọ àwọn ayaba yòókù ló wà níbẹ̀, kò sí tirẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọba fi ọkọ̀ ojú omi dá a padà sí Beijing. Ẹni tó fà á lé lọ́wọ́ ni Fulong'an, ọkọ ọmọ ọba, tó jẹ́ ọmọ àbúrò olorì Fuca tó ti kú.

Ìyà wá tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ìwé oyè mẹ́rin tó ní lọ́wọ́ rẹ̀, láti ti olorì títí dé ti ayaba tó kọ́kọ́ jẹ. Olorì máa ń ní ọmọ-ọ̀dọ̀ obìnrin mẹ́wàá. Méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, iye tí ẹni tó kéré jù nínú àwọn ìyàwó ọba ń ní. Ìjòyè Manchu kan, Ayong'a, sọ pé kò yẹ kí ọba yọ olorì lóyè. Ọba lé e lọ sí Heilongjiang, ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn. Ọba kò sì kéde pé òun yọ ọ́ lóyè, ó fi orúkọ olorì sílẹ̀ fún un lásán.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1766 ni Nara kú, ẹni ọdún 48. Ọba wà níbi ọdẹ, kò padà wálé. Ó ní kí Yongji lọ sin ìyá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má ṣe ìsìnkú olorì fún un. Wọn kò gbẹ́ ibojì fún un: inú ibojì ayaba mìíràn, tó ti kú ní 1760, ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Li Yuming, ìjòyè kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ọba nímọ̀ràn, ní kí wọ́n ṣe ọ̀fọ̀ ọdún mẹ́ta fún un bó ti yẹ olorì. Ili, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n lé òun náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ti wèrè. Nínú àṣẹ tí ọba gbé jáde nígbà tí Nara kú, ó ní ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, kò bọ̀wọ̀ fún ìyá ọba, ohun tó sì ṣe ní Hangzhou dà bíi ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò dárúkọ irun rárá. Ọdún 1778 ló tó sọ ọ́ jáde, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Jin Congshan, fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ọba lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Shenyang, tó ní kí ọba fi olorì mìíràn jẹ. Wọ́n bẹ́ Jin Congshan lórí. Inú ìbínú yẹn ni ọba ti là á mọ́lẹ̀ pé Nara fúnra rẹ̀ gé irun rẹ̀, pé ohun tó burú jù lọ nínú àṣà Manchu nìyẹn, kò sì bìkítà.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kejì yìí ló jọ òótọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, oníṣègùn là ń wá fún un. Ìwé oyè rẹ̀ kọ́ ni a ń gbà, àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún un kọ́ là ń lé kúrò nílùú. Ọba mọ̀ pé Nara mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ Manchu ni, inú àṣà yẹn ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ṣọ̀fọ̀ Fuca pẹ̀lú gbogbo ààfin ní 1748. Olorì kò ní ọ̀nà kankan láti kọ ọkọ rẹ̀, kò lè padà sílé bàbá rẹ̀, kò lè pe ọba lẹ́jọ́ níbikíbi. Irun orí rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì fi sọ fún Qianlong pé òun kò ní ọkọ mọ́.

Yongji jìyà rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kú ní 1776 láìní oyè kankan. Ọdún 1799, lẹ́yìn tí Qianlong kú, ni ọba tuntun, Jiaqing, tó fi oyè dá òkú rẹ̀ lọ́lá.