Ààbò àwọn òṣìṣẹ́ níbi ilé tí ẹ ń kọ́ sí Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jámánì, ẹ kú ìrójú o. Ẹ ní lébìrà kan já bọ́ láti ara ògiri níbi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín lọ́nà Iléṣà, ó sì fi apá dá. Ẹ tún béèrè báwo lẹ ṣe lè máa ṣọ́ ààbò àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé àbúrò yín ló ń bá yín bójú tó iṣẹ́.

Ẹni tó fara pa ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún kọntirákítọ̀ láti fún un ní owó kékeré kó máa lọ sílé. Kí wọ́n gbé e lọ sí UNIMEDTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, níhìn-ín l'Ákúrẹ́, kí wọ́n ya àwòrán eegun náà. Bí ẹlòmíì bá ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni kí wọ́n gbé e lọ, ẹ ní kí dókítà rí i ná.

Ohun tí mo ń rí níbi ilé àwọn ará wa tó wà lókè òkun ni pé ààbò kì í ní iye tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Síméńtì ní tirẹ̀, irin ní tirẹ̀, owó iṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ráńbúùtù, ìbọ̀wọ́ àti pákó tó dáa, "a ó máa wò ó" ni. Bí irin bá ti gbówó lórí báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó bí ẹ ṣe kọ síméńtì, ẹ dá owó rẹ̀ san, kí ẹ sì rí ọjà náà nínú fídíò. Ẹnì kan ni kí ọ̀rọ̀ ààbò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: fọ́ọ̀mánù tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àbúrò yín ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí gbogbo wọn sì gbọ́ lẹ́nu yín pé fọ́ọ̀mánù lè dá iṣẹ́ dúró, ẹnikẹ́ni ò ní bá a wí.

Bí iṣẹ́ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ háyà sikafóòdù onírin dípò ọparun tí wọ́n fi okùn so. Kí wọ́n so pákó rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí igi ìdábùú wà tí kò ní jẹ́ kí èèyàn fẹ̀yìn já, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ bi wọ́n bóyá wáyà iná kọjá nítòsí. Ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń gbé lọ sókè lè kan án.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni kòtò sókàwéè àti kànga. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Bó bá ya lu ẹni tó wà nísàlẹ̀, ṣọ́bìrì kò ní lè yọ ọ́ lásìkò. Kí wọ́n má da iyẹ̀pẹ̀ sí etí kòtò, kí wọ́n fi pákó gbé ògiri rẹ̀ dúró, kí àkàbà wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má sì gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù tó ń fa omi sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láéláé. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni àkọ́kọ́ á dákú, ẹni tó sáré wọlé láti gbà á á dákú lé e lórí. Ìdí nìyí tí okùn fi gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, kí wọ́n lè fà á jáde láti òkè.

Ní ti ìwé, òfin Employees' Compensation ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń ran òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó sì fi ìfarapa tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ béèrè ìwé NSITF lọ́wọ́ kọntirákítọ̀ kí ẹ tó san owó rẹ̀ tó kàn. Bí kò bá ní, ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó máa gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun "ẹ tètè parí dẹ́kínì kí n tó dé ní Kérésì" lórí WhatsApp. Kọnkéré dẹ́kínì máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gba agbára rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá yọ igi tó gbé e ró nítorí ìkánjú yín, ó lè wó lu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ẹnjiníà ni kó sọ ọjọ́ tí wọn ó yọ igi náà.

Kí fọ́ọ̀mánù kọ orúkọ gbogbo wọn àti nọ́ńbà ará ilé wọn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ lébìrà jẹ́ àlejò, àwọn mìíràn wá láti Kùtọnu tàbí Tógò, ó sì lè jẹ́ "Sunday" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi apá dá yìí: ẹ wá nọ́ńbà ará ilé rẹ̀, ẹ pè wọ́n fúnra yín.