Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Ọmọbìnrin Mi Fẹ́ Máa Gbá Badminton, Ṣé Oúnjẹ Wà Níbẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tó bá dọ̀rọ̀ eré ìdárayá, lẹ́tà bọ́ọ̀lù la máa ń rí gbà jù, àmọ́ lóṣù yìí badminton ni, eré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá shuttle kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì, Òṣogbo nìkan dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá, ó jọ pé ẹnì kan ti gbé nẹ́ẹ̀tì débẹ̀. Èyí tó gùn jù ni mo kọ́kọ́ mú.

Ìbéèrè: Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Orísunmbáre. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS2, tíṣà wọn ló kọ́ wọn ní badminton níléèwé, látìgbà yẹn kò sọ̀rọ̀ míì mọ́. Kóòṣì kan rí i ní pápá ìṣeré, ó ní ọwọ́ ẹ̀ yá, pé kí n jẹ́ kó máa wá nírọ̀lẹ́. Bàbá ẹ̀ ní kí ló kan obìnrin kan rákẹ́ẹ̀tì, Alhaja tó jẹ́ ìyá ọkọ mi ní àwọn ò lè máa wo ọmọ àwọn nínú ṣòkòtò pénpé. Èmi ò kọ̀ o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin Nàìjíríà kankan ti fi eré yìí débì kan, àti pé ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀. (Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, Olúwa á bá wa tà á. Wọ́n ti fi í débi tó jìnnà o. Ẹ gbọ́ ìtàn Dorcas Ajoke Adesokan. Ọdún 1998 ni wọ́n bí i. Nígbà tó di 2014, ọmọ ọdún 16 ni, ó ti wà ní Nanjing ní Ṣáínà níbi Ólíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́, ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín ìgbà tí wọ́n ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá tó ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn kó tó dé Ólíńpíìkì àwọn àgbà ní Tokyo, èyí tí wọ́n ń pè ní 2020 ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé 2021 ni wọ́n tó ṣe é torí kòrónà. Gúrúùpù ẹni mẹ́ta ni wọ́n fi í sí, ẹnì kan péré ló máa jáde níbẹ̀ lọ sí ìpele tó kàn, ó dẹ̀ bá An Se-young ti South Korea pàdé, ọmọ ọdún 19 nígbà yẹn, ẹni tó padà gba góòlù ní Paris ní 2024. Dorcas kò jáde o. Àwọn kan á ní ó lọ fìdí rẹmi nìyẹn. Èmi ò gbà. Nínú gbogbo obìnrin tó ń gbá badminton ní Áfíríkà, mélòó ló rí ojú kóòtù Ólíńpíìkì?

Ọdún méje tí mo fò kọjá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi mí léèrè, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ oúnjẹ wà.

Badminton ò dà bíi pé èèyàn á ṣáà mọ̀ ọ́n gbá kí wọ́n wá pè é lọ sí Ólíńpíìkì. Ráńkìn ni wọ́n ń wò. Ìdíje tẹ́ ẹ bá lọ ló ń fún yín ní pọ́ìntì, wọ́n á wá mú mẹ́wàá tó dáa jù nínú èyí tẹ́ ẹ gbá láàárín ọ̀sẹ̀ 52, ìyẹn ni wọ́n á fi mọ ipò yín lágbàáyé. Tí ọ̀sẹ̀ 52 bá ti pé lórí ìdíje kan, pọ́ìntì ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bí owó ilé ló rí, ẹ̀ ń san án tán, ọdún tún yí po. Níbo làwọn ìdíje ọ̀hún wà? Ọ̀kan ń bẹ ní Èkó níbí, tí wọ́n máa ń gbá ní Surulere, ìyẹn rọrùn, èèyàn á wọ mọ́tò láti Old Garage. Àwọn tó kù ńkọ́? Uganda, Zambia, Íjíbítì, Mauritius, kí n má tíì sọ ti Yúróòpù tí fíísà nìkan tó lé èèyàn padà. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, owó ìforúkọsílẹ̀, ẹni tí ìjọba tàbí sípọ́ńsọ̀ ò bá ràn lọ́wọ́, àpò ara ẹ̀ ni. Ọmọ Denmark tó bá fẹ́ gbá ìdíje mẹ́wàá, ọkọ̀ ojú irin lè gbé e dé ìdajì ẹ̀. Tiwa á fò kọjá gbogbo Áfíríkà kó lè bá ẹnì kan gbá fún ìdajì wákàtí, tí ẹni yẹn bá dẹ̀ nà án ní ráùǹdì àkọ́kọ́, ó ń padà bọ̀ nílé nìyẹn pẹ̀lú pọ́ìntì táṣẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ń pa eré àwọn ọmọ wa, mi ò ní sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá láé, owó ọkọ̀ ni màá sọ.

Oúnjẹ wà níbẹ̀ ṣá, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tẹ́ ẹ rò ló ń gbà wá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun nínú ẹ̀ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ ló ń san nǹkan fún wọn torí National Sports Festival, ìdíje tí àwọn ìpínlẹ̀ ti máa ń figa gbága, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún 2025 tí wọ́n pè ní Gateway Games. Àwọn míì ríṣẹ́ sí kọ́sítọ́ọ̀mù, ọlọ́pàá tàbí sífùù dìfẹ́ǹsì torí àwọn yẹn náà ní ẹgbẹ́ eléré tiwọn, wọ́n á máa gbowó oṣù, wọ́n á dẹ̀ máa gbá. Ọmọ tó wà ní JSS2, National Youth Games ló yẹ kí kóòṣì ẹ̀ máa fojú sí, àwọn tí kò ju ọdún 15 lọ ló wà fún, Asaba ni wọ́n ti ṣe é ní 2023 àti 2024. Ẹ bi kóòṣì yẹn léèrè ní tààràtà: ọmọ mélòó lẹ ti mú débẹ̀? Tó bá ń ṣe kátikàti, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe.

Ẹ má yọ ọ́ níléèwé o, ẹ jọ̀ọ́. Ìrọ̀lẹ́ tí kóòṣì sọ yẹn ti tó, kí ọ̀kan nínú yín dẹ̀ máa bá a lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin ni, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti Alhaja ló kù. Ẹ bá mi kí wọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ṣòkòtò pénpé ò pọn dandan. Lọ́dún 2011, BWF, ìyẹn àjọ tó ń darí badminton lágbàáyé, fẹ́ fi ọ̀ranyàn mú gbogbo obìnrin tó ń gbá ìdíje ńlá pé kí wọ́n máa wọ síkẹ́ẹ̀tì, pé kí wọ́n lè máa wu òǹwòran (irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn!), àwọn obìnrin fárígá, kó tó di ìparí 2012 wọ́n ti wọ́gi lé e. Soraya Aghaei ti Iran, híjáàbù ló fi gbá tiẹ̀ ní Tokyo, ó bo apá, ó bo ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e jáde. Alhaja fúnra wọn lè rán aṣọ tí ọmọ á máa wọ̀, tí wọ́n bá fẹ́.

Ìbéèrè: Àdúgbò wa ní Ayétòrò là ń gbá, a ta nẹ́ẹ̀tì sójú títì. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ ká gbádùn, shuttle oníyẹ̀ẹ́ tá a rà dẹ̀ fọ́ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún wa? (Àwa Ọ̀dọ́ Ayétòrò)

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ gbàrọgùdù. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ìyẹ́ 16 ni wọ́n gún sára kọ́ọ̀kì yẹn, ìyẹ́ gúùsì tàbí ti pẹ́pẹ́yẹ, apá kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wá lára ẹyẹ, torí ti apá òsì àti ti ọ̀tún kì í tẹ̀ síbì kan náà, tí wọ́n bá pò ó pọ̀ kò ní yí dáadáa lófuurufú. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó gíráàmù mẹ́fà. Báwo ni nǹkan tó fúyẹ́ tó báyẹn ò ṣe ní bá afẹ́fẹ́ lọ? Nínú ilé ni wọ́n ti ń gbá ìdíje, fáànù gan-an wọ́n lè ní kí wọ́n pa á. Lójú títì, ti nylon ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ tọ́jú oníyẹ̀ẹ́ dìgbà tẹ́ ẹ bá rí gbọ̀ngàn.

Ọyẹ́ náà máa ń bà á jẹ́, ó ń mú kí ìyẹ́ gbẹ tí á fi máa ṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé omi kaná, wọ́n á ṣí páálí ẹ̀ lókè nísàlẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi yẹn gba inú ẹ̀ kọjá díẹ̀, wọ́n á dé e padà di ọjọ́ kejì. Ẹ má rì í sómi o! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyára ẹ̀ dáa, ẹ dúró sórí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, kẹ́ ẹ fi gbogbo agbára gbá a láti ìsàlẹ̀ lọ sí òdìkejì. Tó bá já sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mítà sí mítà kan kó tó kan ìlà ẹ̀yìn ti ọ̀hún, ó dáa.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìgbọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò lágbára, ó máa ń tiro. Ó fẹ́ràn láti máa wo àwọn tó ń gbá badminton. Ṣé kí n máa jẹ́ kó lọ, àbí mò ń kó o sí wàhálà ni? (Àǹtí ẹ̀, Ìgbọ̀nà)

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ tiẹ̀ ti pẹ́ jù. Ẹ ò gbọ́ orúkọ Eniola Mariam Bolaji ni? Ọmọ Yorùbá bíi tiyín. Ní 2024 ní Paris, níbi Paralympics, ìyẹn Ólíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara, ó fẹ̀yìn Oksana Kozyna ti Ukraine balẹ̀, ó gba bàbà, kò dẹ̀ tíì sí ọmọ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba mẹ́dà badminton ní Paralympics ṣáájú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé ń wá ọ̀nà àtijáde nínú gúrúùpù, òun ló gbé mẹ́dà wálé.

Ìpele tí wọ́n ń pè ní SL3 ló ń gbá, àwọn tó ń dúró gbá ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn ní ìṣòro tó pọ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, ìdajì kóòtù ni wọ́n ń lò, wọ́n á là á láàárín láti nẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn, kò ní máa sáré sọ́tùn-ún sósì púpọ̀. Àwọn tẹ́sẹ̀ wọn sàn díẹ̀ wà ní SL4, kóòtù odindi nìyẹn. Àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ náà ní tiwọn, àwọn tó kúrú ní tiwọn. Àwọn tó ń yẹ eléré wò fún ìdíje ló máa sọ ibi tó bọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe kóòṣì. Ẹ mú un lọ sí pápá ìṣeré, kẹ́ ẹ bèèrè ẹni tó ń mójú tó para-badminton, tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ jẹ́ kó máa bá àwọn tó kù gbá ná, kẹ́ ẹ máa pààrà wọn.

Ìbéèrè: Ọmọ UNIOSUN ni mí, ọdún 21, ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ badminton. Ṣé mo lè dé Ólíńpíìkì? (Sisí Badminton)

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi. Mi ò ní tàn ẹ́. Àwọn tó o fẹ́ lọ bá ti di rákẹ́ẹ̀tì mú látìgbà tí wọ́n wà ní pírámárì. Àmọ́ o lè gbá NUGA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fún iléèwé ẹ, o dẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ adájọ́ eré, ìyẹn ò wo ọjọ́ orí àti yíyá ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ bá àwọn ẹ̀ka eré ìdárayá yín kó o béèrè ìgbà tí wọ́n máa yan àwọn tó ń lọ NUGA.