Kókó abẹ́ àgbọ̀n: ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ irùngbọ̀n fá

Àbúrò mi, o ní gbogbo ìgbà tí o bá fá irùngbọ̀n nítorí iṣẹ́, kí ọjọ́ kejì tó pé, abẹ́ àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ a ti kún fún kókó wẹ́wẹ́, a máa yún ọ, àwọn mìíràn a sì ní ọyún nínú. O ní o ti pààrọ̀ ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ kò gbọ́. Ọdún 6 gbáko lèmi náà fi jẹ ìyà yìí. Ọṣẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́.

Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí láti kí àlejò, ọ̀gá ibẹ̀ kò sì fẹ́ rí irun kankan lágbọ̀n ọkùnrin. Ojoojúmọ́ ni mo ń fá a ní ìdájí kí n tó lọ dúró de zem, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Abẹ àlòsọnù, èyí tó ní ojú mẹ́ta, ni mo ń lò, pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ ìwẹ̀. Màá fi ọwọ́ òsì na awọ ọrùn kó le, màá wá máa wọ́ abẹ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ sókè títí yóò fi dán bí ẹyin. Inú mi a dùn. Lọ́jọ́ kejì, kókó.

Ohun tí mo fi ṣe ìwòsàn tún wá burú ju àìsàn lọ. Ẹnìkan ní kí n máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á bí mo bá fá a tán. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì bọ́ sínú oòrùn. Awọ ọrùn mi jó, ó ṣú dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Má dán an wò láé: ohun kan wà nínú omi ọsàn yẹn tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti kàn án lára ènìyàn, bí iná ló ń rí. Lẹ́yìn èyí, mo ra ìpara kan lọ́jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kókó ti lọ sílẹ̀, mo rò pé mo ti bọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ń pọ́n, bí abẹ bá kàn án báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kan ló gba ìpara náà lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó fi orúkọ oògùn kan, «corticoïde», hàn mí, ó ní òun ló ń jẹ awọ mi. Bí o bá ní irú ìpara tó ń bóra bẹ́ẹ̀ nílé, má fi kan ojú rẹ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo gbé dígí kékeré kan sórí orúnkún, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Mo rí i pé nínú kókó kan, ohun dúdú kan lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ lábẹ́ awọ. Mo fi spírítì nu abẹ́rẹ́, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ gbé e díẹ̀díẹ̀, ó bá nà jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èékánná ọmọ-ìka. Irun ni! Irùngbọ̀n èmi fúnra mi ló ń gún mi.

Irun tiwa ká láti gbòǹgbò rẹ̀. Bí abẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ a mú ṣóńṣó. Bó ṣe ń hù ló ń ká, ló ń padà wọ inú awọ, ara a sì gbà á bí ẹ̀gún, a wú sí i. Abẹ olójú púpọ̀ tún wá dá kún un: ojú àkọ́kọ́ a fa irun náà jáde, èyí tó tẹ̀ lé e a gé e, kùkùté tó kù a sì sá padà wọ abẹ́ awọ. Kò tilẹ̀ ní jáde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ká. Bí o bá na awọ, tàbí o fá a lòdì sí ìhà tó ń hù sí, ọ̀kan náà ni. Dídán tí à ń wá yẹn gan-an ló ń pa wá lára.

Nítorí náà, kọ́kọ́ jẹ́ kí abẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ 4. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ kò ní fẹ́. Èmi tọ tèmi lọ, mo ṣí kọ́là, mo fi ọrùn mi hàn án. Ó gbà pé kí n máa fi ẹ̀rọ ìgẹrun gé e kù ní mìlímítà 1. Yóò yún ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Fara dà á. Èyí tí o bá rí tó ká wọlé, fi abẹ́rẹ́ mímọ́ gbé orí rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n má fà á tu, òmíràn yóò hù sábẹ́ ibẹ̀.

Nígbà tí awọ bá ti balẹ̀, wá irin ìfárungbọ̀n olójú kan, èyí tí à ń fi abẹ pẹlẹbẹ há láàárín. Gillette, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1904, bàbá mi sì lo ọ̀kan ní Kétu títí wọ́n fi darúgbó. N kò rí kókó lọ́rùn wọn rí, èmi ló fojú di irin náà, mo pè é ní nǹkan àtijọ́. Owó páálí abẹ rẹ̀ kan kò tó owó àwo ìrẹsì lọ́jà Ouando.

Kí o tó fi kan ara, fi irun sílẹ̀ fún ọjọ́ 2, kí o wá fi ìka pa á káàkiri. Ìhà tí ọwọ́ ti ń yọ̀ lọ ni irun kọjú sí; ibi tó ti ń ha ọ́ lọ́wọ́, òdìkejì nìyẹn. Fara balẹ̀ síbi ọ̀fun. Tèmi ń hù sókè lápá òsì, ó sì dùbúlẹ̀ sí ìhà etí lápá ọ̀tún. Ọdún 6 ni mo fi fá méjèèjì bákan náà.

Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ni kí o fá a. Fi aṣọ ìnura tí o rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú 3, kí irun mu omi, kó rọ̀. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú fún ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ó ta mí lójú abẹ. Ọṣẹ ìfárungbọ̀n ni kí o fi búrọ́ọ̀ṣì pò títí ìfófó rẹ̀ yóò fi ki. Dá abẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀ sára awọ, má tẹ̀ ẹ́: ìwúwo irin náà tó o. Fà á ní kúkúrú-kúkúrú, tẹ̀ lé irun lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Irun díẹ̀ yóò kù tí ọwọ́ lè mọ̀. Fi í sílẹ̀, ọ̀gá rẹ kò ní rí i láti ibi tó dúró sí. Fi omi tútù ṣan án, fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má nù ún, kí o wá fi òrí díẹ̀ pa á, pàápàá nígbà ọyẹ́. Mo ń pa abẹ dà lẹ́yìn ìfá márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo sì ń fá a báyìí.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ onígẹ̀run ni, jẹ́ kó ṣí abẹ tuntun lójú rẹ, má tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) lè wà láàyè lára irin fún ọjọ́ 7, o kò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀.

Bí àpá kan bá ń wú sókè tó sì le, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 yẹn, má fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́. Lọ rí dókítà awọ, kí o sì bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí o máa fún ọ̀gá rẹ.